Bàbá Àgbà Kì Í Gé Ohun Tí Kò Tíì Wọ̀n

Aṣọ ìrọ̀rí ni mo ń gé lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọjà Utako nígbà tí fóònù mi dún. Mo ti tẹ́ yáàdì mẹ́fà sílẹ̀, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, sísọ́ọ̀sì sì ti wọ inú aṣọ dé ìdajì. Màmá Láràbá ló pè, obìnrin Gwari tó ń gbé iwájú ilé wa ní Kuje. Gbogbo Yorùbá tó gbọ́, lẹ́nu bàbá mi àgbà ló ti kọ́ ọ.

“Fúnmi, sànnu,” ó fi Hausa kí mi pẹ̀lẹ́. “Bàbá Kàtífà ti sùn. Kai! Ó sùn pátápátá.”

Kàtífà ni àwọn Hausa ń pe tìmùtìmù tí a ń sùn lé. Orúkọ tí àdúgbò fún Bàbá nìyẹn, torí iṣẹ́ fóòmù ló ṣe títí ó fi darúgbó. Mo gbọ́ ohun tí Màmá Láràbá sọ, ó sì yé mi. Mo ní, “Ẹ ṣé, Màmá.” Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì gé aṣọ náà tán.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní ọkàn mi ti le jù. Ẹni tó bá mọ Bàbá kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ́ mi pé a kì í fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ láàárín aṣọ, nítorí bí a bá padà dé, ọwọ́ ò ní rántí ibi tó ń lọ mọ́. Mo gé e tán, mo ká a, mo kó o sínú báàgì. Ìgbà náà ni ẹkún wá dé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọjà ọlọ́jà, mo ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń dún létí mi: “Ìròyìn ò ní tutù, Fúnmi. Aṣọ ló máa wọ́.”

Kí n má purọ́, kì í ṣe Bàbá nìkan ni mo ń sunkún rẹ̀. Mo ń sunkún yàrá náà pẹ̀lú. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé Bàbá tí èmi àti ọmọ mi Tiwa ń gbé. Bàbá nìkan ló fi wá síbẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ẹbí tó fọwọ́ sí i. Bí Bàbá ti lọ báyìí, Àńkù Dépò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni olórí ẹbí, Àńkù Dépò sì ti ní kí wọ́n lé mi kúrò nílé Bàbá kí wọ́n tó bí Tiwa rárá. Mo máa dé ibẹ̀.

Ènìyàn kúkúrú ni Bàbá. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íńṣì mẹ́ta ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wọn ara rẹ̀, ó sì fi bírò kọ ọ́ sára ògiri kíṣìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń sàmì gíga Tiwa sí. Bí ó bá ti wọn ọmọ tán, ó á wọn ara rẹ̀. Tiwa fẹ́ràn àtimáa tiro kí àmì rẹ̀ lè ga, Bàbá á sì fi ọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀ sílẹ̀ pé kó má tan ògiri jẹ. Lọ́dún tó kọjá, Bàbá rí i pé òun ti fi ìdajì íńṣì kúrú sí i. Mo ní kó má jẹ́ kó ká a lára. Ó wò mí. “Ọlọ́run ò fi aṣọ ṣòfò lára mi nígbà tó dá mi,” ó ní. “Ó tún ti ń gba díẹ̀ padà báyìí.”

Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bí ó ṣe wà níbẹ̀ nílé ló wà níbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí agbádá. Bí o bá wá kí i, ó á ní “Ọkun o,” bí a ṣe ń kíra wa nílùú wa lápá Kabba, ojú rẹ̀ á sì ti máa rìn láti èjìká rẹ dé gìgísẹ̀. O ti mọ̀ pé ó ń ronú irú tìmùtìmù tó máa gbà ọ́. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó pásítọ̀ wa ń ráhùn pé ẹ̀yìn ń dun pásítọ̀. Obìnrin náà lára díẹ̀, ẹ má bínú. Bàbá bi í pé báwo ni tìmùtìmù wọn ṣe fẹ̀ tó. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ni. Bàbá mirí, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rárá: “Ẹsẹ̀ mẹ́rin ààbọ̀ ni tiyín, Màmá. Ẹni tó ta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fún yín kò ro ti pásítọ̀ mọ́ ọn.”

Kò sí ohun tó lè gé láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ya á sórí ìwé. Iṣu ni o, búrẹ́dì ni o. Nígbà tí Tiwa pé ọmọ ọdún mẹ́ta, mo ra kéèkì róbótó kan. Mo gbé ọ̀bẹ fún Bàbá torí òun ni àgbà ilé. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ó wo kéèkì náà bí ẹni wo ọ̀tá.

“Ta ló ṣe é ní róbótó?”

“Bàbá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

“Róbótó kì í gé tán. Ẹ bá mi mú ìwé wá.”

Ó ka àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. Ó ka àwọn àgbà. Ó bi Màmá Láràbá bóyá ó máa jẹ, Màmá Láràbá ní díẹ̀, Bàbá ní kí ó sọ bí díẹ̀ náà ṣe tó. Àbẹ́là jó dé ìdí, ó kú. Ọmọ méjì bú sẹ́kún, ẹ̀kẹta ti sùn. Nígbà tó wá gé e, ẹ̀rúnrún kan kò bọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ dọ́gba bí eyín òyìnbó, ó sì kárí gbogbo wa. Àfi òun. Ó ti gbàgbé láti ka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ó lá ọ̀bẹ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé bó ṣe pinnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ó ní, “Ẹni tó bá gé kó tó kà, ọmọ kan á sunkún.” Màmá àgbà, ìyàwó rẹ̀, kò tíì kú nígbà náà. Ó ní, “Ìwọ tó o kà, mélòó ló sunkún?”

Màmá àgbà ló jẹ ìyà iṣẹ́ Bàbá jù. Ilé iṣẹ́ fóòmù kan ní Idu ni Bàbá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbà á láyè kó máa kó àgékù tí kò wúlò fún wọn wálé. Bàbá kò gbà pé ohunkóhun wà tí kò wúlò. Ó ń já wọn sí wẹ́wẹ́, Màmá àgbà ń rán aṣọ sí wọn, wọ́n ń di ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí wà lórí àga, ó wà lábẹ́ àga. Wọ́n fi dí ojú fèrèsé nígbà ọyẹ́. Wọ́n fi ọ̀kan sábẹ́ fíríìjì kó má baà pariwo. Àlejò kì í kúrò nílé wa láìgbé ìrọ̀rí lọ, àwọn kan sì wà tí wọn kò wá mọ́ nítorí ẹ̀. Ìyókù kún yàrá ẹ̀yìn dé àjà. Nígbà tí pásítọ̀ wá gbàdúrà fún wọn, ó bi Màmá àgbà léèrè ohun tó fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe. Màmá àgbà ní, “Pásítọ̀, ọkùnrin ni mo fẹ́. Fóòmù ni mo ń bá sùn.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Wọ́n á po àwọn kẹ́míkà pọ̀, á wú bíi búrẹ́dì, búrẹ́dì tó gùn bí ọkọ̀ akérò. Wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí inú rẹ̀ lè tutù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n á gé e bí oníbàárà bá ṣe fẹ́. Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ débẹ̀, bí ìwé oníbàárà bá ṣe ń wọlé ni wọ́n ń gé e. Ẹni tó kọ́kọ́ dé, wọ́n gé tirẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e, wọ́n gé tirẹ̀. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, àgékù á ti ga dé orúnkún. Bàbá ní kí wọ́n dúró ná. Kí wọ́n kó gbogbo ìwé ọjọ́ náà jọ, kí wọ́n fi èyí tó tóbi jù lélẹ̀, kí wọ́n sì wá kékeré tó máa lè gbé inú àyè tó bá kù. Ó gé páálí wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún tìmùtìmù kan, ó ń tò wọ́n sórí páálí ńlá tó dúró fún odidi fóòmù. Á yí wọn síbí, á yí wọn sọ́hùn-ún. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́.

“Bàbá, ṣé ẹ ti ń gé e?”

“Mo ti ń gé e.”

“Ọ̀bẹ wá dà?”

“Orí mi lọ̀bẹ. Irin lásán ni èyí tó wà lọ́wọ́ yín.”

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, máníjà tuntun dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà, tòun ti kọ̀ǹpútà tó ń ya bí wọn yóò ṣe gé fóòmù. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà àti Bàbá díje lórí iṣẹ́ ọjọ́ kan. Kọ̀ǹpútà ló borí. Àgékù tirẹ̀ fi ìwọ̀n ìrọ̀rí méjì péré kéré sí ti Bàbá. Bàbá wálé, kò jẹun. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń so okùn bàtà rẹ̀, ó ní, “Ó mọ iṣẹ́. Èmi ò jẹ́ purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò tíì sùn rí.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi títí di ìgbà tí iṣẹ́ ilé ìwé kan wọlé. Ọgọ́ta tìmùtìmù ni wọ́n fẹ́ fún ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ní gígùn ló wà nínú ìwé. Kọ̀ǹpútà ti ya á, fóòmù ti tutù, ẹ̀rọ ti ń dún. Bàbá bá bèèrè pé ta ló wọn bẹ́ẹ̀dì wọn.

“Bàbá, ó wà nínú ìwé,” Ẹnjiníà ní.

“Mo ti rí ìwé. Mo ní ta ló wọn bẹ́ẹ̀dì?”

“Gbogbo bẹ́ẹ̀dì ilé ìwé, ẹsẹ̀ mẹ́fà ni.”

“O ti wá sùn lórí gbogbo wọn?”

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ojú Ẹnjiníà pọ́n. Ó ní, “Bàbá, bí ẹ bá dá iṣẹ́ yìí dúró lónìí, ẹ má wulẹ̀ padà wá lọ́la.”

Bàbá bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì Ẹnjiníà, ó sì gun ọ̀kadà lọ wọn bẹ́ẹ̀dì nílé ìwé náà. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ, ọmọ ìlú wa ni. Ó ní inú ń run òun, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì jáde títí Bàbá fi padà dé. Wọ́n kan ilẹ̀kùn títí, ó ní òun ṣì ń gbàdúrà.

Ẹsẹ̀ márùn-ún àti íńṣì mẹ́jọ ni bẹ́ẹ̀dì náà. Gbogbo ọgọ́ta. Wẹ́dà tó ṣe wọ́n ti ṣírò irin tirẹ̀ náà: bó bá yọ íńṣì mẹ́rin lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, irin tó bá ṣẹ́kù á di bẹ́ẹ̀dì fún ẹlòmíràn. Nígbà tí Bàbá ń sọ ọ́ fún wa nílé, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. “Olè ni,” ó ní, “àmọ́ olè tó mọ ìṣirò. Èmi àti ẹ̀ ì bá jọ ṣiṣẹ́.” Bí wọ́n bá ti gé e bí ìwé ṣe wí ni, tìmùtìmù ọgọ́ta ni ì bá ta ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó rí ajá. Ẹnjiníà tẹ ìwọ̀n tuntun sínú kọ̀ǹpútà, àyè tìmùtìmù kan sí i sì yọ nínú odidi fóòmù kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì ló fi mọ́tò ara rẹ̀ wá gbé Bàbá ní Kuje, ẹ̀wù iṣẹ́ Bàbá wà lórí ìjókòó iwájú, ó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Bàbá ní kó wọlé jẹun ná, ó fún un ní ìrọ̀rí kan, ó wá sọ ọ́ fún un: “Òfò tó burú jù, Ẹnjiníà, ni ohun tí a gé dáadáa fún ẹni tí kò sí.”

Ó wá kan tèmi. Ọdún tí mo ṣe tán nílé ìwé girama ni mo lóyún. Ọkùnrin tó fún mi lóyún wọ ọkọ̀ ojú irin ní Idu, ó ní òun ń lọ sọ fún àwọn òbí òun ní Kaduna. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ náà ń padà. Òun ni kò padà. Bàbá tó bí mi ti kú, màmá mi ti wà nílé ọkọ mìíràn, ẹbí bá ṣèpàdé lé mi lórí ní pálọ̀ Bàbá. Àńkù Dépò wá láti Èkó. Ó ní kí wọ́n kó mi lọ sílùú wa, kí ojú má rí mi. “Eléyìí ti bàjẹ́,” ó wí. “Kò sí ohun tí a fẹ́ fi í ṣe mọ́.”

Bàbá dìde, ó jáde. A rò pé ó lọ mú pàṣán. Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ gbì, gbì, gìrìgìrì láti yàrá ẹ̀yìn. Ìrọ̀rí ń fò jáde lójú ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá pariwo.

“Dépò! Wá bá mi di kọ́bọ́ọ̀dù yìí mú.”

“Bàbá, ìpàdé là ń ṣe.”

“Mo gbọ́. Wá di ibí mú. Gbé e sókè. Kì í ṣe báyẹn, ṣé o ò jẹun ni?”

Gbogbo ìpàdé dìde tẹ̀ lé wọn. Àńkù Dépò gbá kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ra, òógùn ń bọ́ sínú ẹ̀wù rẹ̀. Bàbá ń fa téèpù láti ògiri dé ògiri. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ wọ ibí. Ti ọmọ wọ ibẹ̀ yẹn. Àyè bàtà tún kù.”

“Bàbá, ta ló ń sọ ti bẹ́ẹ̀dì?”

“Èmi ni. Ó gbà wọ́n. Ìpàdé ti parí.”

Kò sọ̀rọ̀ oyún sí mi lọ́jọ́ náà, kò sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó kàn ń wọn ikùn mi lóṣooṣù, ó ní tìmùtìmù gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń bọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí nígbà tí Àńkù Dépò dé fún ìsìnkú. Ó jókòó sórí àga Bàbá. Ó wo àwọn ìrọ̀rí yíká, ó ní, “Ẹ bá mi kó àwọn ìrànù yìí dànù kí àlejò tó dé.” Ó wá kọ ojú sí mi. “Fúnmi, tí a bá ti ṣe ìsìnkú tán, a máa sọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀yìn yẹn.” Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.” Mo lọ sẹ́yìn, mo wo kọ́bọ́ọ̀dù. Téèpù wà lórí ìṣó, ẹni tó máa fà á fún mi ti lọ.

Àńkù Dépò fẹ́ fi ọ̀wọ̀ wọ bàbá rẹ̀. Pósí tó rà, ọwọ́ wúrà ni wọ́n fi sí i, inú rẹ̀ funfun bí ìkùukùu, ó sì gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n gbé Bàbá sínú rẹ̀ ní pálọ̀. Bí àwọn tó gbé e ṣe tẹ pósí náà sísàlẹ̀ díẹ̀ láti gbé e sórí tábìlì báyìí, Bàbá yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, gbì. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún gbé e, gbì. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó lè má rẹ́rìn-ín. Màmá Láràbá fi gèlè bo ojú.

“Àńkù,” mo ní, “ṣé ẹ wọ̀n ọ́n?”

“Ta ló ń wọn òkú, Fúnmi?”

Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí ojú àwa méjèèjì fi jọ lọ sí kíṣìnì. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó wà lára ògiri, bírò dúdú, ọwọ́ Bàbá fúnra rẹ̀: ẹsẹ̀ márùn-ún àti íńṣì mẹ́ta. Ó ti fagi lé e, ó sì ti kọ ìwọ̀n tuntun sábẹ́ rẹ̀.

Mo mú téèpù lórí ìṣó. Mo wọn àyè tó wà ní ẹsẹ̀ Bàbá, mo wọn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, níbi tí mo kó àwọn ìrọ̀rí pamọ́ sí, mo kó wọn wá sí pálọ̀, mo ṣa wọ́n. Mo kọ́kọ́ tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ná, mo yí wọn síbí, mo yí wọn sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ń dúró. Méje ló gbà. Mẹ́ta lẹ́sẹ̀, méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbé pósí náà sókè, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Bàbá kò mì.

Àńkù Dépò jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ìrọ̀rí tó ní kí wọ́n kó dànù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá, omi ló ń bọ́ lójú rẹ̀. “Bàbá á ti máa bú mi níbi tó wà,” ó ní. “Mo ra ti ẹlòmíràn fún un.” Ó gbé ìrọ̀rí kan sórí itan, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. “Nǹkan yìí rọ̀ o. Kò fún mi ní ọ̀kan rí.”

“Ó fún yín, sà. Ẹ̀yin lẹ ò gbà.”

“Yàrá ẹ̀yìn yẹn,” ó wí, mo sì di téèpù mú gírígírí. “Èmi ni mo di kọ́bọ́ọ̀dù mú lọ́jọ́ yẹn. Ojú mi ló ṣe, ó gbà yín. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?”

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí yàrá náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ títí di òní.

Nígbà tí àlejò ti lọ tán, Tiwa wá bá mi ní kíṣìnì. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó ní, “Mọ́mì, pílò, fún orí ni. Kí ló dé tó wà ní lẹ́ẹ̀gì Bàbá?”

Mo dá a lóhùn pé àyè ló ṣẹ́kù níbẹ̀, Bàbá kò sì fẹ́ kó ṣòfò.

Ó ro ó wò. Ó wá lọ fẹ̀yìn ti ògiri, níbi àmì rẹ̀, ó ní ta ló máa wá wọn òun báyìí. Mo bọ́ téèpù lọ́rùn mi, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Kíá ló ti gbé gìgísẹ̀ sókè. Mo fi ọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀ sílẹ̀.

“Má tiro, ọmọ mi,” mo sọ fún un. “Bó o ṣe ga mọ yẹn gan-an, àyè rẹ wà.”